Apá Òsì Nicanor Severino

Ní Los Jobos, abúlé wa láàárín oko ìrèké lórí erékùṣù wa, bí ènìyàn bá dárúkọ bọ́ọ̀lù, èyí tí a ń fi igi gbá ló ń sọ. Òmíràn kò sí. Ọmọkùnrin tí kò bá mọ̀ ọ́n jù, tí kò sì mọ̀ ọ́n gbá, ìrèké ni yóò gé bí bàbá rẹ̀ ti gé e. Èyí tó bá mọ̀ ọ́n náà, ìrèké ni yóò máa gé títí ẹnìkan yóò fi wá mú un lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò rí ẹni wá mú.

Wọ́n wá mú Nicanor Severino. Ọmọ Eufemia ni, Eufemia tó ń dín àkàrà ìyẹ̀fun lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ṣúgà, èyí tí àwọn agérèké fi ń mu kọfí láàárọ̀. Bàbá ọmọ náà lọ wáṣẹ́ sí olú-ìlú nígbà tí oyún ṣì wà nínú, ọ̀nà náà ló gbà lọ títí dòní. Bàbá ìsàmì rẹ̀ ló wá dúró bíi bàbá fún un. Telésforo ni orúkọ ọkùnrin yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa fi gírísì sí àwọn irin ńlá tí ń fún ìrèké, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ la fi mọ̀ ọ́n ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó máa ń wọ́ ara fún ènìyàn. Ẹsẹ̀ tó yẹ̀, ẹ̀yìn tó gan, ọrùn tí kò yí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ là ń gbé e lọ. Yóò yọ́ ọ̀rá adìyẹ pẹ̀lú káńfọ̀ nínú agolo, yóò fi àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì wá ibi tí nǹkan fìdí sí, yóò sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀. Ó ti wọ́ èmi náà rí. N kò lè sọ pé ara kò tù mí.

Telésforo náà ló kọ́ Nicanor ní bọ́ọ̀lù jíjù. Ọwọ́ òsì ni ọmọ náà ń lò, Eufemia sì ti ń lu ọwọ́ náà kúrò nídìí abọ́ láti ìgbà tó ti ń rákò.

"Eufemia, jọ̀ọ́, fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀," ni Telésforo wí fún un. "Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù kì í rí irú ẹ̀ lójoojúmọ́. Ọwọ́ ọ̀tún pọ̀ bí iyanrìn."

"Ṣé òun náà ni yóò máa nà sí àlejò?"

"Kó máa fi ẹnu kí wọn."

Ó fi í sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, bọ́ọ̀lù tó bá jù yóò máa bọ̀ tààrà bí ẹni pé ó fẹ́ wọ àyà ẹni tó di igi mú. Nígbà tó bá kù díẹ̀, yóò já wálẹ̀ bí èso tó pọ́n, igi yóò sì na afẹ́fẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí aṣojú ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà kan wá wò ó, tí wọ́n sì gbà á. Owó tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ni Eufemia fi kan páànù tuntun sórí ilé. Ó ṣì ń dín àkàrà. Ó ní òun kò ní jáwọ́ nínú agbada títí ọmọ òun yóò fi dé pápá ńlá gan-an, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ àgbà Amẹ́ríkà ti ń gbá, nítorí òun ti rí ọmọ púpọ̀ tó lọ tó tún padà wá.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ báyìí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Lọ́dọ̀ wa, ara gbígbóná kì í pàdé ohun tútù. Obìnrin tó bá ń lọ aṣọ kò ní fọ ọwọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Ẹni tó bá ti ìdí iná dìde kò ní ṣí fìríìjì. Bí òtútù bá ká ooru mọ́ inú iṣan, iṣan náà á gan, ó lè gan pátápátá. Ọmọdé ti mọ èyí kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀.

Ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà ìlú San Pedro, bí ọmọ bá ti ju bọ́ọ̀lù tán, tí apá rẹ̀ ń jó bí iná, inú garawa yìnyín ni wọ́n ní kó kì í bọ̀. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí Nicanor wá sílé, kò tíì jókòó tó fi sọ ọ́.

"Ìbùkún, Bàbá Ìsàmì."

"Ọlọ́run á bù kún ẹ, ọmọ mi. Apá ńkọ́?"

"Wọ́n ń kì í bọ yìnyín, sà."

Telésforo gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. "Nígbà tó ṣì gbóná?"

"Lójú ẹsẹ̀ ni."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo ti ìka bọ̀ ọ́. Nígbà tí olùkọ́ yíjú, mo yọ ọ́. Gbogbo wa la ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan láti Consuelo tiẹ̀ ń fi apá kejì sí i."

"Ọlọ́gbọ́n lọmọ yẹn," ni Telésforo wí. "Fà á wá ńbí."

Ó wọ́ ọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń rí lọ́jọ́ Àìkú gbogbo, títí Nicanor fi wọ bàálù.

Ó lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́fà ní Amẹ́ríkà, nínú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, ní àwọn ìlú tí orúkọ wọn kò yàtọ̀ síra létí wa. Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń sùn. Ìrẹsì àti adìyẹ ni wọ́n ń jẹ nínú yàrá tí ènìyàn márùn-ún há sí. Ọdọọdún ni ó ń gun àtẹ̀gùn kan. Ọdún kẹfà, ó kù ọ̀kan ṣoṣo kó dé òkè. Ọdún yẹn náà ni ìgbọ̀nwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, láti inú oṣù Keje.

Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ erékùṣù wa kì í sọ irú ẹ̀. Ọmọ Venezuela kan tí ibùsùn rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ sọ fún olùkọ́ pé èjìká ń yọ òun lẹ́nu. Kó tó di pé wọ́n jẹun alẹ́ ọjọ́ kejì, ẹlòmíràn ti ń sùn lórí ibùsùn náà. Nicanor rí i. Nígbà tí dókítà ẹgbẹ́ ń tẹ apá gbogbo wọn wò ní òpin ọdún, ó tẹ tirẹ̀ náà, Nicanor sì ń wo ògiri, ojú rẹ̀ kò yí. Dókítà sọ fún un bó ti sọ fún gbogbo wọn: kó má ju nǹkankan títí ọdún tuntun yóò fi wọlé. Lẹ́yìn náà ni olórí pè é sí yàrá kan, ó sì sọ fún un pé ní oṣù Kejì, ibùdó àwọn àgbà ni kó wá, níbi tí ẹgbẹ́ ńlá ti ń múra ọdún sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀, pápá ńlá ló kàn. Kí apá náà ṣáà gbé e dé oṣù Kejì.

Ó dé Los Jobos pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ tó wú bí èso ìyeyè. Eufemia rí i, ó ní kó lọ sọ́dọ̀ bàbá ìsàmì rẹ̀. Níbo ni ì bá tún rán an lọ?

Telésforo gbé apá náà lé orúnkún ara rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò rìn ín láti èjìká wá sísàlẹ̀. Nígbà tó dé ibẹ̀, Nicanor fa èémí.

"Ibí yìí?"

"Ibẹ̀ ni, sà."

"Iṣan ló fo kúrò ní àyè rẹ̀. Yìnyín wọn ló lé e. Mú igi yẹn há ẹnu."

Ó tẹ̀ ẹ́. Àwa tó wà níta ilé gbọ́ bí nǹkan ti ró, kò rinlẹ̀ ju kí ènìyàn ṣẹ́ ìka ọwọ́ lọ. Òógùn bo Nicanor. Nígbà tó yá, ó na apá náà, ó ká a, ó tún un nà.

"Kò dùn mí mọ́."

"Ó ti wọlé," ni Telésforo wí, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀.

Títí oṣù Kọkànlá fi parí ló ń wọ́ ọ lójoojúmọ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, nítorí bó ti ń tẹ̀ ẹ́ tó ni ìrora ń lọ tó. Wíwú náà rọlẹ̀. Kò sí ẹni tó wò ó nínú wa tí kò ní sọ pé apá yìí ti sàn.

Ìgbà yẹn ni bọ́ọ̀lù tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, nítorí àsìkò kan náà ni ìrèké àti bọ́ọ̀lù ń wọlé lọ́dọ̀ wa. Aṣojú ẹgbẹ́ San Pedro wá bẹ Nicanor pé kó bá àwọn ju bọ́ọ̀lù. Nicanor ní rárá, wọ́n ní òun kò gbọdọ̀ jù ú. Ọkùnrin náà lọ. Ó ṣáà lọ ni, ọ̀rọ̀ náà kò bá a lọ. Ní tábìlì dómínò iwájú ṣọ́ọ̀bù Crispín, wọn kò jẹ́ kí ọmọ náà simi.

"Ẹ rọra o, ẹ má fara kan ọ̀gbẹ́ni Amẹ́ríkà," ni Crispín oníṣọ́ọ̀bù máa ń wí bó bá ti yọ. "Gíláàsì ni apá ẹ̀. Bó bá fọ́, owó ta ni a ó fi san?"

"Crispín, ta dómínò ẹ," ni ẹnìkan nídìí tábìlì wí.

"Mo ń ta á. Ṣé Amẹ́ríkà náà ló ní pé kí bàbá ìsàmì ẹ kú láì rí ẹ ní pápá San Pedro? Ibi tí bàbá yẹn ń rù ọ́ lọ lọ́rùn nígbà tí o kéré? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwa ò ju agérèké lọ."

Telésforo jókòó sí tábìlì náà pẹ̀lú wọn. Ó ta dómínò tirẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè.

"Apá tó ti sàn, tí kò ṣiṣẹ́, á tutù," ló wí. "Títí oṣù Kejì sì jìnnà. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kó lè máa gbóná. Èmi ò fi ipá mú ẹ o, ọmọ mi."

Kò fi ipá mú un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bàbá ìsàmì ló sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló sì lé ìrora náà lọ. Eufemia nìkan ló tako ọ̀rọ̀ náà. "Wọ́n ní kó dúró," ló ń wí ṣáá, ní ìdí agbada. "Àwọn tó ń sanwó fún un ní kó dúró." Telésforo bi í léèrè bóyá àwọn yẹn náà ló mọ iṣan. Eufemia da àkàrà mìíràn sínú epo.

Nicanor gbà láti jù ú lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ tó ń kó ìrèké ló kó wa lọ sí San Pedro lálẹ́ ọjọ́ ìdíje náà, a dúró ṣinṣin bí ìrèké fúnra rẹ̀. Crispín kó ọtí rọ́ọ̀mù dání, ó sì ń bú àwọn ará ẹgbẹ́ kejì láti orí ọkọ̀ láì tíì rí wọn.

Mi ò ní fà á gùn. Ìpele mẹ́rin, nínú mẹ́sàn-án tí eré náà ní, ni Nicanor fi jù ú bí a kò ti rí i rí. Àwọn ọkùnrin tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ńlá ń na afẹ́fẹ́ níwájú rẹ̀, wọ́n ń wo igi ọwọ́ wọn bí ẹni pé ó ní ihò. Telésforo dúró lẹ́yìn wáyà, kò pàtẹ́wọ́, ó kàn ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ní ìpele karùn-ún, Nicanor gbé apá sókè, ó jù ú, bọ́ọ̀lù náà sì já sílẹ̀ láàárín òun àti ẹni tó yẹ kó hán an, ó ń yí lọ nínú koríko bí èyí tí ọmọdé gbé sọnù.

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ẹnìkan lẹ́yìn wa kígbe pé, "Ẹ bá wa fún un ní ife, omi ló ń bù, kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló ń jù."

Nicanor kò tẹ̀lé bọ́ọ̀lù náà. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ìgbọ̀nwọ́ òsì mọ́ àyà, ó rìn jáde ní pápá bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Ẹ̀rín náà dákẹ́ níbì kọ̀ọ̀kan, kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Olùtọ́jú ẹgbẹ́ ti ń bu yìnyín sínú àpò nígbà tí Telésforo fi fo wáyà wọlé. Mi ò mọ bí ọkùnrin tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ṣe fò ó.

"Má fi í kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ó ń gbóná, ẹ má fi í kàn án."

"Bàbá, ẹ bọ́ síta. Ta ló jẹ́ kí bàbá yìí wọlé?"

"Ẹ ó mú kó gan ni."

"Ó ti já, bàbá. Kí ló tún kù tí yóò gan?"

Telésforo ti ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀. Nicanor wo àpò yìnyín, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó sì na apá sí ṣẹ́ẹ̀tì. Òun ni wọ́n fi dì í títí a fi délé. Orí ọkọ̀ ìrèké kan náà ni a bá padà. Crispín gbé rọ́ọ̀mù tó kù fún Nicanor, ó sì yí ojú sí ọ̀nà.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n la ìgbọ̀nwọ́ náà, wọ́n fi iṣan tí wọ́n yọ lára itan rẹ̀ rọ́pò èyí tó já. Dókítà fi àwòrán hàn án, ògbufọ̀ sì ń túmọ̀. Ó ní iṣan náà ti ya díẹ̀ tipẹ́, láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá jẹ́ kó simi ni, ó ṣeé ṣe kó sàn fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti ń tẹ̀ ẹ́, ó ti ń fà á ya sí i lójoojúmọ́, ó sì ti pa ìrora tó yẹ kó kìlọ̀ fún un.

"Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?" ni dókítà bèèrè.

"Kò sí ẹnìkan," ni Nicanor dáhùn.

Ọdún kan àti ààbọ̀ ló fi dúró. Nígbà tó tún ju bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà kò já mọ́ bí èso. Ó ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn tó di igi mú sì ń dúró dè é. Ẹgbẹ́ náà jọ̀wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n fún un ní ìwé bàálù. Ó lọ sí Mexico, wọ́n lò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó lọ sí Nicaragua, àwọn yẹn kò lò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wálé, ó ra alùpùpù kékeré tí kò ní irin kílọ́ọ̀ṣì tí à ń fún lọ́wọ́ òsì, nítorí ìka òsì rẹ̀ kò lè fún nǹkan pẹ́ mọ́. Ó ń fi í gbé èrò láti Los Jobos dé títì.

Èmi wà lọ́dọ̀ Eufemia, mò ń bá a po ìyẹ̀fun, lọ́jọ́ tí Nicanor sọ fún ìyá rẹ̀ ohun tí dókítà wí. Gbólóhùn kan ni. Eufemia yí àkàrà tó wà lórí iná, ó tún yí òmíràn.

"O ò tíì sọ fún bàbá ìsàmì ẹ?"

"Rárá, Màmá."

"Má sọ fún un. Kò ní nǹkan mìíràn láyé ju ọwọ́ ẹ̀ lọ."

Kò sọ ọ́. Èyí wá di ẹrù tó rù. Nítorí Telésforo kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ní tábìlì dómínò, ní ìta ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró pé yìnyín ló pa apá ọmọ òun, pé òun ti sọ ọ́ fún wọn. Àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ń gbọ́ ọ, wọ́n ń mi orí. Ọjọ́ Àìkú, wọ́n ń mú àwọn ọmọ náà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fún wíwọ́. Nicanor ń jókòó níbẹ̀, ó ń wo àtàǹpàkò yẹn bó ti ń wọ inú ìgbọ̀nwọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i tó la ẹnu. Ọmọ kan ń fa èémí, Nicanor sì ní, "Bàbá Ìsàmì, bóyá kí èyí kọ́kọ́ simi."

"Simi kẹ̀? Kó tutù bíi tìẹ?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọmọ náà pẹ̀lú. Nicanor dìde, ó lọ tan alùpùpù rẹ̀.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ọkùnrin kan wá láti Mexico, tó ń wá ọlọ́wọ́ òsì. Telésforo ló gbọ́ ọ, òun ló sì fi orúkọ Nicanor sílẹ̀ láì bi í. Ó wọ́ apá náà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó ní òun kò nílò ojú fún iṣẹ́ yìí. Ní pápá, wọ́n gbé àga fún un lẹ́yìn wáyà. Nicanor ju bọ́ọ̀lù, ó tún jù ú. Ọkùnrin tó mú ẹ̀rọ tí ń wọn bí bọ́ọ̀lù ti yára tó dání wò ó, ó gbọn ẹ̀rọ náà bí ẹni pé ó bàjẹ́, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ó fi í sápò.

"Ó tó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun. Ẹ bá wa pe ẹni tó kàn."

Telésforo ti dìde. "Kí ló wí?"

"Ó ní ó tó, sà."

"Ó tó bíi báwo? Ṣé ó wọlé?"

"Kò wọlé. Ó ti tán, Bàbá Ìsàmì."

Bàbá náà nawọ́ wá ìgbọ̀nwọ́ Nicanor nínú afẹ́fẹ́, ó rí i, ó dì í mú.

"Kò tán. Òtútù tí wọ́n ká mọ́ ọn lọ́hùn-ún ni, inú egungun ló sá wọ̀. Ó ń pẹ́ kó tó jáde ni. A ó tún bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ yìí."

Mo dúró nítòsí tó láti rí ojú Nicanor. Mo rò pé yóò sọ ohun tí dókítà wí fún un báyìí. Ẹnu rẹ̀ là. Àwọn ọmọkùnrin tó kù tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, wọ́n ń dúró de ààyè wọn. Ọ̀kan nínú wọn ti wá sọ́dọ̀ bàbá náà, ó na apá ọ̀tún tó wú díẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi fọwọ́ kàn án kí n tó wọlé." Telésforo fi Nicanor sílẹ̀, ó gba apá ọmọ náà.

"Níbo?"

"Ibí yìí, sà."

Ó tẹ̀ ẹ́. Nicanor dúró tì wọ́n títí ó fi parí, lẹ́yìn náà ó di bàbá náà lọ́wọ́ mú, ó sì gbé e jókòó sẹ́yìn alùpùpù, ó rọra wà á lọ sílé.